Páálí Bàtà Lórí Kọ́bọ́ọ̀dù

Bàtà tí mo fi gbéyàwó ló kọ́kọ́ sùn nínú páálí yìí.
Bàtà ti jẹ, páálí kò jẹ.
Ní Kúbwà, nínú ilé oníyàrá méjì
tí ọyẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé,
òun ló wá di ilé oògùn wa.

Òru kan ló kọ́ mi.
Ìyá wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní Wúsè,
iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́.
Àwẹ̀ró jí, ó ní, "Bàámi, ojú mi ń ta."
Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀:
ó gbóná bí ààrò alákàrà.
Mo tan iná fóònù, mo tú dúrọ́ọ̀ kìíní, mo tú ìkejì:
bọ́tìnnì, bátìrì tó ti kú, káàdì ìdìbò,
àti ìgò kan tí oògùn dì sí nísàlẹ̀ bí oyin àná.
Mo ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá
kí Àwẹ̀ró tó mọ ìrìn.

Kẹ́míìsì ti tì. Ajá nìkan ló dá mi lóhùn.
Màmá Rakíyà, ará Kàtsínà tí ògiri kan pín wa,
ló gbọ́ bí mo ṣe ń kan géètì kiri.
Kò bi mí ní nǹkan kan. "Sannu, Bàbá Àwẹ̀ró,"
ó na ìgò oògùn sí mi
pẹ̀lú ike abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti yọ irin rẹ̀.
"Má fi ṣíbí ọbẹ̀ bù ú. Wọ̀n ọ́n.
Ọmọ rẹ kì í ṣe ìkòkò."

Oògùn wọlé, òógùn jáde.
Ní aago mẹ́rin, ó ń bi mí bóyá àkàrà wà.
Èmi ni mo sunkún.

Ní Sátidé, mo gbọn páálí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o.
Parasítámọ́ọ̀lù olómi, ti ọmọdé,
kì í ṣe oníhóró àgbà tí à ń fi eyín gé sí méjì.
Ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbóná ara, nítorí ọwọ́ bàbá ń purọ́:
ọwọ́ alágbàfọ̀ tó ti di áyọ́ọ̀nù mú láti àárọ̀,
kí ló tún mọ̀ nínú ooru?
Ọ̀rá oníyọ̀ àti ṣúgà márùn-ún, fún ìgbẹ́ gbuuru;
ọ̀rá kan sínú píọ́ wọ́tà méjì, lítà kan géérégé,
kì í ṣe ife kan, kì í ṣe garawa.
Síǹkì tẹ̀ lé e, kí a mu ún pé ọjọ́ mẹ́wàá,
bí inú tilẹ̀ ti dá.
Òrí fún ètè tí ọyẹ́ là.
Báńdéèjì, nítorí Ìṣọ̀lá àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.
Oyin fún ikọ́ Àwẹ̀ró;
ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún,
oyin kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu, bó ti wù kó ké tó.

Kápúsù pupa-òun-dúdú tí wọ́n ní ó ń wo ohun gbogbo?
Kò wọlé.
Ohun tó ń wo gbogbo àìsàn
kò mọ ọ̀kankan lórúkọ.
Oògùn ibà tí aládùúgbò lò kù? Ó tì.
Ìka la ó kọ́kọ́ gún, kí ẹ̀jẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀.

Bí gìrì bá sì mú ọmọ, bí kò bá lè mu omi,
bí egungun ìhà rẹ̀ bá ń wọlé bó ti ń mí,
páálí, má bínú,
ìwọ kọ́ ni ọsibítù. Kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù dà?

Ìyá wọn wò ó, ó rẹ́rìn-ín:
"Owó yìí á ra bàtà mìíràn."

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ:
àwọn àgbà fi pa òwe,
èmi fi wọn ibi tí màá kan ìṣó mọ́.
Gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù, mo ń ka déètì,
mo ń gbàdúrà tí n kò lè gbà níwájú oníṣòwò:
kí ọjọ́ yín pé pẹ̀lú ìdérí tí a kò ṣí,
ẹ gbó síbẹ̀, kí eruku bò yín,
kí n fi ẹ̀rín dà yín nù.

Láàárọ̀ yìí, mo bá àpótí ìjókòó lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù,
àti ipa ẹsẹ̀ kékeré lórí rẹ̀.
Mo wá òòlù lọ.